Láti Orí Ẹ̀fọ́ Bíbọ̀ dé Ẹ̀fọ́ Rírò: Ìtàn Adùn Ọbẹ̀ Nínú Èdè Yorùbá

Ìfáárà

Ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ nínú omi lásán kì í ṣe oúnjẹ tí Yorùbá ń gbé fún àlejò. Bí a bá gbé e fún ènìyàn, yóò jẹ ẹ́ bí ẹni tí ń lo oògùn, yóò sì máa wo ojú ẹni tí ó sè é bóyá ara rẹ̀ kò yá ni. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀fọ́ wa ti ń bẹ̀rẹ̀: ewé, omi gbígbóná àti ìkòkò. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀nà tí àwọn Yorùbá gbà sọ ewé inú omi yìí di ọbẹ̀ tí ó dùn, àti ohun tí èdè wa lè sọ fún wa nípa ìtàn ọ̀nà náà.

Èrò méjì ni ó gbajúmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni pé bí a ti ń ro ẹ̀fọ́ lónìí, pẹ̀lú ata, tòmátì àti àlùbọ́sà, ni àwọn baba ńlá wa ti ń rò ó láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Èkejì ni pé mágí ti ba ọbẹ̀ Yorùbá jẹ́, tí kò fi sí ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú ọbẹ̀ àtijọ́ mọ́. Àwọn tí ó ń sọ èkíní àti àwọn tí ó ń sọ èkejì sábà máa ń jẹ́ ènìyàn kan náà. A kò gba ọ̀kankan wọlé nínú méjèèjì. Bí a bá fi etí sílẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ìdí ààrò, a ó rí i pé àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ ibẹ̀ ti yí padà léraléra, tí púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀rọ̀-àyálò. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀, èyí tí ó ń sọ ohun tí ọwọ́ alásè ń ṣe, kò yẹ̀ kúrò ní ipò wọn. Nínú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó yẹ kí a ti wá ìtàn adùn ọbẹ̀, a kò sì tíì wá a níbẹ̀ tó.

Ohun tí ó tẹ́

Bí ẹ̀fọ́ kò bá ní adùn, Yorùbá kì í sọ pé ó burú. Wọ́n á ní ó tẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí náà ni a ń lò fún ẹni tí ojú tì ní àwùjọ. Iyọ̀ ọbẹ̀ lè tẹ́, ènìyàn pàápàá lè tẹ́. Àwọn tí ó ń pe ọfọ̀ mọ èyí dáadáa. Nínú ọfọ̀ tí a fi ń tọrọ kí ènìyàn má tẹ́ láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ewé tẹ̀tẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń pè. Àwa onímọ̀ lítíréṣọ̀ máa ń dúró lórí ìfìróṣeré tí ó wà láàrin tẹ̀tẹ̀ àti tẹ́, a ó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ ronú kan ọfọ̀ náà mọ ìdí ààrò pẹ̀lú. Tẹ̀tẹ̀ kò korò bí ewúro, kò kan bí ìṣápá, kò yọ̀ bí ewédú. Bí a bá bọ̀ ọ́ lásán, kò ní ohun kan tí yóò fi gba ara rẹ̀ là. Pé tẹ̀tẹ̀ kò tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, iṣẹ́ ọwọ́ alásè ni.

Kí ni alásè náà ṣe? Ó já ewé, ó ṣà á, ó fọ̀ ọ́, ó rẹ́ ẹ, ó bọ̀ ọ́, ó sì fún un. Fífún yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ìpìlẹ̀. Omi inú ewé pọ̀ púpọ̀. Bí a bá da ẹ̀fọ́ tí a kò fún sínú ata, omi yóò yọ lára rẹ̀, yóò sì la iyọ̀ àti ata mọ́lẹ̀ títí ọbẹ̀ náà yóò fi tẹ́. Ti ewúro tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: fífọ̀ rẹ̀ kì í ṣe fífi omi ṣàn án, rírún un mọ́wọ́ ni títí yóò fi hó, tí a ó máa da omi náà nù, tí a ó sì tún bu òmíràn sí i, títí ìkorò rẹ̀ yóò fi mọ níwọ̀n. A kì í fọ ìkorò rẹ̀ tán, nítorí ìkorò díẹ̀ tí ó kù ni ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ń wá.

Lẹ́yìn èyí ni rírò. Ẹ ṣàkíyèsí ohun mìíràn tí a ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ṣe: a ń ro ọkà. Ohun tí a bá ń rò gbọ́dọ̀ ki, ó gbọ́dọ̀ dúró de orógùn. A kì í ro omi. Nítorí náà, nígbà tí Yorùbá sọ ọbẹ̀ yìí ní ẹ̀fọ́ rírò, kì í ṣe èròjà rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Wọn kò pè é ní ẹ̀fọ́ aláta tàbí ẹ̀fọ́ onírú. Ohun tí ọwọ́ ṣe sí i ni wọ́n fi pè é, orúkọ náà sì ti sọ fún wa pé omi ti kúrò nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewédú, tí a kì í fún nítorí yíyọ̀ rẹ̀ ni a ń fẹ́, ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀: jíjá ni a ń já a, ìjábẹ̀ sì ni orúkọ ọwọ̀ kékeré tí a fi ń já a.

Iyọ̀ àti òbu

Lórí iyọ̀ a kò ní pẹ́. Kí iyọ̀ òyìnbó tó kún ọjà, iyọ̀ tí àwọn ará etíkun ń sè láti inú omi òkun ni ó ń gòkè wá sí ilẹ̀ Yorùbá, ó sì wọ́n. Ẹni tí kò rí i rà ń lo òbu, èyí tí iyọ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn tí ń ta èlò oògùn ń pe irú òbu kan ní òbúòtóyọ̀, odidi gbólóhùn sì ni orúkọ náà: òbu kò tó iyọ̀. Nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, tí wọ́n dé Mátíù 5:13, níbi tí Jésù ti sọ̀rọ̀ nípa iyọ̀ tí ó sọ adùn rẹ̀ nù, òbu ni wọ́n lò. Wọn kò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun. Wọ́n mú ohun tí gbogbo ìyálé ilé ti tọ́ wò, tí ó sì ti já kulẹ̀ lẹ́nu. Lónìí, ìjọ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ìdí ààrò, wọ́n sì rò pé àfiwé lásán ni.

Kán-ún ń kọ́? Ìhà òkè ni ó ti ń wá, orúkọ rẹ̀ sì tọ́ka sí kanwa ti Haúsá. Ó ń mú kí ewé tètè rọ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ má sì ṣí, ṣùgbọ́n ó ń ba díẹ̀ nínú fítámì ewé jẹ́, pàápàá B1 àti C. Adùn kọ́ ni a ń wá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Irú

Èròjà tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ohun tí a fi ń gba ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ títẹ́ ni irú. Ọ̀dàn ni igi irú ti ń hù, èyí túmọ̀ sí pé apá Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin ni ó ti pọ̀, kì í ṣe inú igbó kìjikìji. Parkia biglobosa ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Robert Brown ni ó fi orúkọ Parkia sọ ẹbí igi yìí ní 1826 ní ìrántí Mungo Park, arìnrìn-àjò tí ó kú sínú odò Ọya ní Bùsà ní 1806. Báyìí ni igi tí àwọn ìyá wa ń sè èso rẹ̀ ṣe ń jẹ́ orúkọ àlejò tí kò dé ilẹ̀ Yorùbá rí.

Èso náà le. A ó sè é fún wákàtí púpọ̀, nígbà mìíràn mọ́jú. A ó gún un tàbí kí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo lè bọ́. A ó fọ̀ ọ́. A ó tún un sè. A ó sẹ́ omi rẹ̀. A ó dà á sínú igbá tàbí apẹ̀rẹ̀, a ó fi ewé àti aṣọ bò ó mọ́lẹ̀ kí ó móoru fún ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Nínú ooru yìí ni àwọn kòkòrò tín-ín-tín, èyí tí Bacillus subtilis jẹ́ olórí wọn, ti ń tú purotéènì inú èso náà palẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí ó ń yọ jáde ni glutamic acid, òun ni ó sì ń fún ẹnu ní adùn kan tí kì í ṣe ti iyọ̀, tí kì í ṣe ti oyin, tí ó jọ adùn ẹran. Ìdí nìyí tí ẹ̀fọ́ tí kò ní ẹran rárá, ṣùgbọ́n tí ó ní irú, kì í fi í dà bí oúnjẹ òtòṣì lẹ́nu. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò gbọ́ òórùn rẹ̀, yóò yí imú padà. Òórùn náà kì í wọ ọbẹ̀ bí ó ti wà nínú igbá, epo gbígbóná ni ó ń tù ú lójú.

A mọ irú méjì lọ́jà, irú wooro àti irú pẹ̀tẹ̀. Wooro ni a sábà ń fi ro ẹ̀fọ́, pẹ̀tẹ̀ sì ni ti ewédú àti ilá. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń ṣe é. Dawadawa ni Haúsá ń pè é, afitin ni Fọ̀n ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, soumbala ni Bambara. Kò sí ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyí tí ó jọ tiwa. Ẹ fi èyí wé àlùbọ́sà, tí ó jẹ́ albasa ní Haúsá, tí ó sì ti inú èdè Lárúbáwá wá. Ohun tí ó bá tọ̀nà òwò wọlé láìpẹ́ sábà máa ń gbé orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá. Irú kò gbé orúkọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, èyí sì mú kí a gbà pé ó ti pẹ́ nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ ata

Ata ni ó ń dí àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọbẹ̀ ìwáṣẹ̀ lọ́wọ́. Ata rodo, ata wẹẹrẹ, ṣọ̀ǹbọ̀ àti tàtàṣé, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ni ẹbí náà ti ṣẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn ní ilẹ̀ adúláwọ̀ kí Columbus tó dé Amẹ́ríkà ní 1492. Tòmátì náà, ibẹ̀ ni ó ti wá. Orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú tomatl, ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ Mexico, ó gba ẹnu àwọn Sípéènì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Tàtàṣé tọ̀dọ̀ Haúsá wá, tattasai. Nítorí náà, gbogbo ohun pupa tí ó wà nínú ẹ̀fọ́ rírò òde òní, yàtọ̀ sí epo, àlejò ni.

Kí wá ni ó ń ta ní ẹnu àwọn baba ńlá wa? Ataare àti ìyèré ni. Méjèèjì jẹ́ ohun ilẹ̀ wa, àwọn òyìnbó sì wá wọn wá. Ní nǹkan bí 1486 ni João Afonso de Aveiro gbé ata oníìrù láti ìlú Bìní lọ sí ilẹ̀ Potogí, ata yìí kò sì yàtọ̀ sí ìyèré. Nígbà tí àwọn Potogí rí ọ̀nà òkun dé Íńdíà, ata Íńdíà ni wọ́n gbé lárugẹ, wọ́n sì fi ti Bìní sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ata wà nínú ataare. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó ti Amẹ́ríkà wá ni ó kọ́kọ́ ń jẹ́ ata, báwo ni ohun tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀ yóò ṣe máa jẹ́ orúkọ rẹ̀? Lójú tiwa, ata jẹ́ orúkọ àtijọ́ fún ohun tí ó ń ta lẹ́nu. Nígbà tí èyí tí ó rọrùn láti gbìn, tí ó sì ń so lẹ́yìnkùlé, dé, ó gba orúkọ náà mọ́ onílé lọ́wọ́, ataare àti ìyèré sì sún sẹ́yìn sínú agbọ̀n oníṣègùn àti sínú àwo ìsọmọlórúkọ. Irú nǹkan báyìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Malagueta ni àwọn Potogí ń pe ataare tí wọ́n rà ní etíkun wa. Lónìí, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, bí ènìyàn bá béèrè malagueta, ata Amẹ́ríkà ni wọn yóò fún un. Orúkọ méjì, ní èdè méjì, ni ó gba ọ̀nà kan náà.

Àwọn ewé pàápàá kò dúró sójú kan. Gbúre ti òkè òkun wá. Úgwú ti ọ̀dọ̀ àwọn Ígbò wá pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ewé kan sì wà tí ó ti Mexico wá, tí àwọn ènìyàn ń pè ní ẹ̀fọ́ ìyànà-ìpájà, orúkọ ibùdókọ̀ kan ní Èkó! Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀-orúkọ ṣe ń wọ èdè, kí ó lọ sí ìsọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́.

Ẹ̀fọ́ ní Bàhíà

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù fún ohun tí a ń sọ wà ní òdì kejì òkun. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun ń fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá ni a kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní Bràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Títí di òní, ọbẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ efó. Manuel Querino, ọmọ adúláwọ̀ tí ó kọ ìwé nípa oúnjẹ Bàhíà, tí a tẹ̀ jáde ní 1928 lẹ́yìn ikú rẹ̀, to àwọn èròjà tí ó ti etíkun ilẹ̀ wa lọ: irú, ataare, ìyèré àti ẹ̀gúsí wà lára wọn, orúkọ Yorùbá wọn ni wọ́n sì ń jẹ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n òwò láàrin Èkó àti Bàhíà rọlẹ̀, irú sì di ọ̀wọ́n. Nínú efó tí wọ́n ń sè níbẹ̀ lónìí, edé gbígbẹ ni ó gba iṣẹ́ irú ṣe, ẹ̀pà àti kajú sì wọlé tẹ̀ lé e. Ewé wọn kì í ṣe tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ yòkòtò. Ewé tí wọ́n rí ní ilẹ̀ àjèjì ni wọ́n mú. Èwo ni ó wá kù tí a fi lè dá a mọ̀ pé ẹ̀fọ́ ni? Wọ́n á bọ ewé náà, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n á fún un gbẹ, wọ́n á wá rò ó nínú epo pupa pẹ̀lú èròjà títí yóò fi ki. Gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó wà nínú ìkòkò ni a pààrọ̀, epo nìkan ni ó ṣẹ́ kù. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kò sí ní ẹnu wọn mọ́, nítorí èdè Potogí ni wọ́n ń sọ; ọwọ́ wọn ni ó rántí.

Mágí

A dé orí èyí tí ó ń fa àríyànjiyàn. Ní 1908, Ikeda Kikunae, onímọ̀ kẹ́mísírì ní Tókíò, yọ glutamate láti inú ewéko òkun tí àwọn ará Jàpáànì fi ń se omi ọbẹ̀. Ohun tí ó ń wá ni bí oúnjẹ tí ó ṣe ara lóore ṣùgbọ́n tí ó tẹ́ yóò ṣe dùn lẹ́nu. Ní 1909 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Ajinomoto. Ní 1908 yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ Julius Maggi ní Switzerland gbé kúùbù rẹ̀ jáde. Láti 1886 ni Maggi ti ń ta omi aládùn tí a ṣe nípa títú purotéènì ewéko palẹ̀. Ọwọ́ Nestlé ni Maggi bọ́ sí ní 1947, Nestlé sì bẹ̀rẹ̀ òwò ní Nàìjíríà ní 1961. Láàrin ìran kan, mágí ti di ọ̀rọ̀-orúkọ lásán nínú èdè wa. A ń gbọ́ kí ènìyàn béèrè mágí, kí ó sì dárúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn tẹ̀ lé e.

Bí a bá fi èyí wé irú, a ó rí i pé iṣẹ́ kan náà ni. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe sí purotéènì ewéko ni ooru inú igbá ń ṣe sí èso irú. Mágí kò mú adùn tuntun wá fún Yorùbá. Adùn tí a ti mọ̀ ni ó mú wá, ó mú un wá kíákíá, láìní òórùn tí aládùúgbò yóò gbọ́. Ìdí nìyí tí ó fi wọlé wẹ́rẹ́. Àyè irú ti wà nínú ìkòkò, mágí sì jókòó sí i.

Èyí kò túmọ̀ sí pé wọ́n dọ́gba. Iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú kúùbù. Irú ní purotéènì àti ọ̀rá tirẹ̀, ó sì ní òórùn tí kò sí nínú ohun mìíràn. Alásè tí ó fi mágí dípò irú, tí ó tún wọn iyọ̀ bí ìyá rẹ̀ ti ń wọn ọ́n, yóò ro ẹ̀fọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru kò ní fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn pé mágí pa ọbẹ̀ Yorùbá kò dúró. Ẹni tí ó ń bọ ẹ̀fọ́, tí ó ń fún un, tí ó jẹ́ kí epo gbóná, tí ó jẹ́ kí omi ata gbẹ nínú epo kí ẹ̀fọ́ tó wọlé, kí adùn lè dì mọ́ epo, kí epo sì dì mọ́ ewé, ẹ̀fọ́ rírò ni ó ń ṣe, ohun yòówù tí ó jù sí i.

Ohun tí ó ń kọ wá lóminú wà ní ibòmíràn. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá lọ gba èdè iṣẹ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá, àtòjọ orúkọ èròjà àti orúkọ ọbẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kó wálé. Irú, ata, iyọ̀, epo: èyí wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè láti ìgbà pípẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ni ìtàn náà wà, ìbéèrè mìíràn ni ó yẹ kí wọ́n gbé lọ bá àwọn ìyá tí ń ṣe irú àti àwọn tí ń ro ẹ̀fọ́ tà. Kí ni wọ́n ń pe ìgbà tí èso irú ti rọ̀ tó láti tẹ̀? Ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n ń lò nígbà tí ó ti móoru tó nínú igbá, èwo sì ni ti èyí tí ó ti kọjá ìwọ̀n? Ẹ̀fọ́ tí a fún jù àti èyí tí a kò fún tó, orúkọ wo ni wọ́n ń jẹ́ ní Èkìtì, ní Ìbàràpá àti ní Ìjẹ̀bú? Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń dàgbà, àwọn ọmọ wọn sì ń ra irú lílọ̀ nínú ọ̀rá.